Ìtọ́jú Ọtí Àmupara Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kan Ṣómólú àti Bàríga

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí fífi ẹ̀rọ ayélujára tọ́jú ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, jíjìnnà ilé ìwòsàn ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ọ̀nà ìtọ́jú náà fi wúlò. Aláìsàn wà ní oko, oníṣègùn wà ní ìlú ńlá. Ẹ̀rọ ni ó so wọ́n pọ̀. Àlàyé yìí kò bá Ṣómólú àti Bàríga mu. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1907, kò jìnnà sí Bàríga rárá, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò bá ti sí. Ohun tí ó jìnnà ni ìgboyà láti wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní Èkó, orúkọ ilé ìwòsàn yìí ti di èébú: bí a bá ní kí ẹnì kan kọjá sí “Yaba Left”, wèrè ni a pè é. Ta ni yóò wá fẹ́ kí aládùúgbò rí òun níbẹ̀ nítorí ọtí? Ìtìjú ni ó yẹ kí a fi gbé ìtọ́jú orí ẹ̀rọ yẹ̀wò ní àdúgbò wọ̀nyí.

Ọ̀nà ìtọ́jú tí à ń wí yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní CBT. Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú. Alan Marlatt àti Judith Gordon sì fẹ apá tí ó kan ọtí lójú nínú ìwé wọn ti ọdún 1985. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yìí gan-an ni iṣẹ́ tí olùtọ́jú ń gbé lé aláìsàn lọ́wọ́: níbo ni ó wà kí ó tó mu, ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ni ó ń rò, kí ni ó sì rí gbà nínú ọtí náà? Ẹ jẹ́ kí a fi atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ìparí ọdún mú un ṣe àìsùn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé láìsí paraga òun kò lè dúró nídìí ẹ̀rọ títí di òwúrọ̀. Ó mu ún, ara rẹ̀ yá díẹ̀, èyí sì mú kí èrò náà túbọ̀ fìdí múlẹ̀. Èrò yẹn ni ìtọ́jú dojú kọ, kì í ṣe ife ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Bí ó bá sì kọsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewu tí Marlatt tọ́ka sí ni pé yóò ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ náà nìyẹn, yóò sì mu ún dé ìsàlẹ̀ ìgò. A ń kọ́ ọ láti ya ìkọsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣubú.

Ṣùgbọ́n kí a tó tọ́jú, a níláti wọ̀n. Ìwé ìbéèrè AUDIT, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1989, ní ìbéèrè 10. Ẹni tí ó bá gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a kà sí ẹni tí mímu rẹ̀ léwu. Ife kan, nínú òṣùwọ̀n rẹ̀, jẹ́ gíráàmù 10 ògidì ọtí. Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò bíà onísẹ́ńtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní tó gíráàmù 24. Ọ̀rá ọtí líle onímìlílítà 30, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, ní tó gíráàmù 9 àbọ̀. Ẹni tí ó dáhùn pé ìgò bíà mẹ́ta ni òun mu ti mu ife méje, ẹ̀rọ yóò sì kọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ti paraga tilẹ̀ burú jù: ògógóró tí a fi rẹ egbò àti èèpo igi, tí ẹnikẹ́ni kò wọn agbára rẹ̀, tí ẹni tí ń mu ún sì ń pè ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Bí a bá bi í léèrè ọtí, yóò ní òun kì í mu ún; lójú ara rẹ̀, kò parọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà náà kò ní ẹ̀rí. Ní ọdún 2008, Heleen Riper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands gbé àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi ènìyàn 261 ṣe. Olùtọ́jú kankan kò bá àwọn tí ó lo ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti dín ọtí kù dé ìwọ̀n tí ó yẹ, nígbà tí àwọn tí a fún ní ìwé pẹlẹbẹ nìkan jẹ́ ìdá 5. Ní Goa, ní Íńdíà, ìdánwò ọdún 2017 kan gba ọ̀nà mìíràn: ará àdúgbò tí kì í ṣe oníṣègùn ni a kọ́ ní iṣẹ́ ìdámọ̀ràn, wọ́n sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Nínú ọkùnrin 377 tí ó kópa, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ìdámọ̀ràn ni ara wọn bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdá 26 sì ni ti àwọn yòókù. Ti Goa ni ó sún mọ́ Bàríga jù.

Ìdí ni pé ìtìjú tí a sá fún ní Yábàá lè pàdé ẹni nínú yàrá. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin jùmọ̀ ń gbé yàrá kan, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù ń bá gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ sójú ẹ̀rọ kò pariwo, ṣùgbọ́n apẹja Ìlàjẹ tí ó wà létí ọ̀sà Bàríga lè má lè kà á. Owó dátà sì tún ń bẹ. Ohun tí ó jọ pé ó lè ṣiṣẹ́ ni ohùn Yorùbá tí a ti gbà sílẹ̀, tí a ń fi gbohùngbohùn etí gbọ́, tí a sì ń fi títẹ nọ́ńbà dáhùn, kí olùdámọ̀ràn àdúgbò kan máa pe ẹni náà ní àkókò tí ó bá wà níbi iṣẹ́.

Ìbéèrè kan ṣíwájú gbogbo èyí: ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ títí yóò fi mu? Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dá ọtí dúró lójijì ní ilé. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ gìrì lè mú un. Lẹ́yìn náà ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè kú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ fóònù kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi ohùn ènìyàn kan sìn ín dé ẹnu ọ̀nà Yábàá tí ó ń bẹ̀rù, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá jáde.