Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ gáàsì: kí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀?

Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn Olusosun n'Ójòtá, l'Ékòó, á ti mọ òórùn rẹ̀. Àmọ́ gáàsì kan wà tó ń jáde nírú ibẹ̀ tí imú kì í gbọ́. Mẹtéènì ni wọ́n ń pè é. Ó tún ń jáde látinú àbàtà, oko ìrẹsì, ikùn màálù àti ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì.

Láàárín 20 ọdún, mẹtéènì ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní 80 ju carbon dioxide tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba lọ. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lójú òfurufú, kò ju nǹkan bí ọdún 12 lọ. Ìdí nìyí tí èrè dídín in kù fi máa ń tètè hàn. Lọ́dún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà wà lára wọn ṣàdéhùn pé àwọn á jọ dín in kù ní ìdá 30 nínú 100 kó tó di ìparí 2030.

Báwo ni kòkòrò ṣe ń jẹ gáàsì?

Bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé mẹtéènì ni oúnjẹ rẹ̀. Inú ilẹ̀ àti àbàtà ló ń gbé látayébáyé. Ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀ máa ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sọ mẹtéènì di methanol. Á wá fi apá kan kọ́ ara rẹ̀, á fi ìyókù ṣe agbára, carbon dioxide ló sì máa tú síta.

Ẹ lè ní, ṣé kì í ṣe pé a sá fún òjò, a wá kó sódò? Rárá o. Carbon dioxide tó tú síta yẹn kò lágbára tó mẹtéènì tó jẹ.

Ibo ni ìṣòro wà?

Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, mẹtéènì kò ju bíi 2 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Oúnjẹ yẹn ti kéré jù. Ní Yunifásítì Washington l'Amẹ́ríkà, Mary Lidstrom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bakitéríà kan, Methylotuvimicrobium buryatense, ń dàgbà dáadáa tí mẹtéènì bá jẹ́ 500 nínú mílíọ̀nù kan. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Èrò wọn ni pé kí wọ́n kó o sínú táǹkì nítòsí ààtàn tàbí ibi ìwa-epo, kí wọ́n máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbà á kọjá.

Ibi tí títún jíìnì ṣe ti wọlé nìyí. Àkọ́kọ́, kí kòkòrò náà lè yó lórí èyí tó kéré sí i. Èkejì, kó máa pèsè ohun tó wúlò. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà fi jíìnì kan látara Lactobacillus sínú bakitéríà yìí kan náà, ó sì ń sọ mẹtéènì di lactic acid. Ásíìdì yìí náà ló ń mú ògì kan, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe irú ike kan tó lè jẹrà.

Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Fífẹ́ afẹ́fẹ́ gba táǹkì kọjá ń jẹ iná. Tí wọn ò bá sì ṣọ́ oúnjẹ kòkòrò náà dáadáa, nitrous oxide lè jáde, gáàsì yẹn sì burú ju carbon dioxide lọ fíìfíì. Inú táǹkì tó dé pa ló sì yẹ kí kòkòrò tí wọ́n bá tún jíìnì rẹ̀ ṣe wà. Ní Nàìjíríà, àjọ NBMA ló ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó tó wọlé tàbí kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Kòkòrò yìí ò ní kó dídí páìpù tó ń jò tàbí ṣíṣa ìdọ̀tí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kúrò nílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìwọ̀nyẹn ni wọ́n fẹ́ kó máa jẹ.