Omi Ìdànù láti inú Kòtò Ẹja Àrọ̀: Ìwẹ̀nùmọ́ àti Àtúnlò Rẹ̀

Ìfáárà
Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni omi tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń dà nù nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi kòtò ẹja. Èrò wa ni pé líle tí ara ẹja yìí le gan-an ni kì í jẹ́ kí a tètè mọ bí omi náà ti burú tó.

Ohun tó wà nínú omi náà
Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí a bá fún ẹja ló ń di ẹran ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú náítírójìn inú oúnjẹ náà ni ẹja ń tú padà sínú omi, pàápàá gẹ́gẹ́ bí amóníà. Àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja sì ń jẹrà nísàlẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹrà ni ọ́síjìn inú omi ń dínkù. Ẹja àrọ̀ lè yọjú sókè láti mí afẹ́fẹ́, nítorí náà kì í tètè kú. Bí a bá da irú omi bẹ́ẹ̀ sódò, àwọn ẹja tí kò ní ẹ̀bùn yìí ni yóò kọ́kọ́ jìyà, àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò yóò sì tẹ̀ lé wọn.

Ìwẹ̀nùmọ́ àti àtúnlò
Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní:
(i) Kí omi kọ́kọ́ dúró nínú kòtò mìíràn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí omi sì tòrò.
(ii) Kí omi tó ti tòrò ṣàn gba orí òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án. Kòkòrò àìfojúrí máa ń gbé ara òkúta wọ̀nyí. Ọ̀wọ́ kan, irú Nitrosomonas, ń sọ amóníà di náítíráìtì, tó ṣì jẹ́ májèlé fún ẹja. Ọ̀wọ́ kejì, irú Nitrobacter, ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí í ṣe oúnjẹ ewéko.
(iii) Kí a wá darí omi náà sídìí ẹ̀fọ́ bíi tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, kí a má dà á sórí ewé. A lè sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbẹ, kí a pò ó mọ́ ilẹ̀ oko.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Bí omi bá pọ̀ ju ohun tí oko lè lò, náítíréètì yóò rìn wọ kànga, ó sì léwu fún ọmọ ọwọ́.

Ìgúnlẹ̀
Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa: létí ààtàn ni ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ń dára jù. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ń sin ẹja má ṣe fi ẹ̀mí ẹja àrọ̀ wọn ìmọ́tótó omi rẹ̀. Ẹja lè wà láàyè nínú kòtò, kí omi kòtò náà sì máa pa odò.