Oògùn Èébì Tí A Ń Tì sí Ihò Ìdí: Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìséwu fún Àgbà àti Ọmọdé

Bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn tí a gbé mì dúró nínú aláìsàn, òṣìṣẹ́ ìlera lè fún un ní èyí tí a ń tì sí ihò ìdí. Ooru ara ni yóò yọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbà á. Méjì tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn ni promethazine àti prochlorperazine. Wọ́n ń dá èébì dúró, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ohun tí ó fà á sàn. Ẹni tí ó ń bì lẹ́yìn tí ó fi orí gbá nǹkan, tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú ń run gidigidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2

A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní promethazine, ìbáà ṣe èyí tí a ń tì sí ìdí tàbí èyí tí a ń mu. Ní ọdún 2004, a fi ìkìlọ̀ tí ó lágbára jù lọ sára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ó ti dá èémí àwọn ọmọ kéékèèké dúró, àwọn kan sì kú. Dídín ìwọ̀n rẹ̀ kù kò mú ewu náà kúrò. Prochlorperazine pẹ̀lú kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tàbí tí kò tó kílógíráàmù 9. Èyí tí a kọ 25 mg sí jẹ́ ti àgbà nìkan.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń bì tí ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ORS ni kí a máa fún un ní ṣíbí ṣíbí, kí ó sì máa mu ọmú lọ. Bí ó bá bì í, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí a tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lè mu ohunkóhun, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó mu, tí gìrì mú un, tàbí tí ó ń sùn láìṣeé jí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó

Kí a ka orúkọ àti ìwọ̀n tí ó wà lára páálí, nítorí oògùn ibà àti ti ìrora kan náà wà tí a ń tì sí ìdí. Kí a fọ ọwọ́, kí a tú ọ̀rá ara rẹ̀, kí a sì fi omi rin ṣóńṣó orí rẹ̀. Kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún ọ̀tún sókè. Kí a rọra tì í wọlé, kí aláìsàn sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá tú jáde, kí a bi òṣìṣẹ́ ìlera kí a tó ti òmíràn sí i.

Inú fíríìjì ni a ń tọ́jú promethazine yìí sí. Èyí tí oòrùn tàbí àìsí iná ti yọ́ kò ṣeé gbára lé.

Ohun tí a ó máa ṣọ́

Oògùn wọ̀nyí ń mú oorun wá. Ẹni tí ó lò ó kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ ọtí, tramadol, codeine tàbí oògùn oorun.

Nígbà mìíràn, ọrùn aláìsàn a lọ́, ojú rẹ̀ a yí sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a sì le. Àwọn ará ilé lè pè é ní gìrì tàbí ọwọ́ ayé, bẹ́ẹ̀ oògùn náà ni ó lè fà á. Kí wọ́n má ṣe rọ àgbo sí i lẹ́nu. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú páálí oògùn náà, nítorí oògùn tí ó ń tètè tú u wà níbẹ̀.