Ta Ni Kípà Ilé-Ìwé Yín?

Ẹ dá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan dúró ní Alápẹ̀rẹ̀, kí ẹ bi í pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ni tirẹ̀. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fèsì: Arsenal, Chelsea, Man U, Madrid. Bí ẹ bá fún un láyè, yóò ka àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín, yóò sì ka àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́ ọn. Ẹ wá bi í pé ta ni kípà ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Kì í kúkú ṣe pé ilé-ìwé náà kò ní kípà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà.

Bí ẹ bá gbé irú ìbéèrè yìí lọ bá bàbá tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, tó sì jẹ́ pé Yábàá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ṣe èwe, ẹ yáa wá àga jókòó. Yóò sọ ti Haruna Ilerika fún yín, bó ṣe ń yí àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ po pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní Zumratul Islamiyyah, kó tó di ọmọ Stationery Stores. Yóò sọ ilé-ìwé tó na ilé-ìwé tirẹ̀, yóò sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n nà wọ́n lọ́jọ́ náà. Rẹfirí ni, dájúdájú.

Ìdíje tí bàbá ń sọ yìí ni Principals' Cup, ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama ní Èkó. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni wọ́n ti ń gbá a, Zard Cup sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. King's College, St. Gregory's ní Ọbáléndé, Igbobi College, CMS Grammar School, Methodist Boys' High School: irú àwọn ilé-ìwé báyìí ni àwọn ará ìlú ń tìtorí wọn pín sí méjì. Ilé mìíràn wà tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ọ̀kan, tí àbúrò ń lọ sí èkejì, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí pápá kì í sì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹni tó fìdí rẹmi.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ tó sún mọ́ Kosofe, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa tí Alápẹ̀rẹ̀, Kétu àti Mile 12 wà, ni St. Finbarr's College ní Àkọ́kà. Ẹni tó bá gba Gbàgádà wọlé láti Kétu yóò débẹ̀ kíákíá, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un. Fadá Denis Slattery, ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland tó dé Nàìjíríà ní 1941, ló dá a sílẹ̀ ní 1956. Fadá yìí kò fi iṣẹ́ ìsìn nìkan mọ: ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó sì ń fọn fèrè rẹfirí lórí pápá. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ kí wọ́n mọ ilé-ìwé rẹ̀ sí: ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìwà. Ìlú kò jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, tí Green Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà ìgbà náà, na Algeria ní 3-0 ní Súrùlérè láti gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì wọlé, Mudá Lawal sì gbá ẹyọ kan. Nwosu ló kéré jù nínú ikọ̀ náà, kò tíì pé ogún ọdún. Keshi ní tirẹ̀ ṣe balógun ikọ̀ tó gba ife náà ní 1994, ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013. Orúkọ ńlá ni wọ́n lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró létí pápá Àkọ́kà wò wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé kò lè bá wa ṣe irú ìyanu tí àwa ń ṣe. Ohun tí yóò máa wí ni pé, "Ọmọ wa nìyẹn, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì rò pé ó yẹ ká bá a wí.

Ohun tó ń fa ìfẹ́ àfẹjù yìí kò fara sin. Ojúlùmọ̀ ni. Ẹni tó ń wo wíńgà ilé-ìwé rẹ̀ mọ̀ pé ìyá ọmọ náà ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Ó mọ̀ pé ìṣirò kì í yé e, pé bàtà tó wọ̀ sáré yẹn kì í ṣe tirẹ̀, pé ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàrọ̀ ni wọ́n ti bọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá wá gé èèyàn méjì tó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ayọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti góòlù nìkan. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ló bá góòlù náà wọlé.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé kì í pẹ́ lórí pápá. Ó wọ SS1, wọ́n ń rí i lórí bẹ́ǹṣì. Ó dé SS2, ó di àyànfẹ́. Bó bá fi máa di SS3, WAEC ti dé, ó di ẹni àná. Kò sí bí ẹ ṣe lè fẹ́ràn rẹ̀ tó tí ẹ máa fi dá a dúró. Jẹ́sì ló ń dúró, ọmọ mìíràn á sì wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti jáde láti ogójì ọdún fi ń padà wá wòran: wọn kò mọ ẹnì kankan mọ́ lórí pápá, ṣùgbọ́n àwọ̀ aṣọ náà kò yí padà.

Irú ìfẹ́ yìí kò mọ sí Èkó. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, baseball àwọn ọmọ yunifásítì ló ń fa irú rẹ̀, ìyẹn eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀pá gbá a. Ní ìlú Starkville, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn olólùfẹ́ yunifásítì Mississippi State ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ akẹ́rù wá sẹ́yìn ọgbà pápá, tí wọ́n ń sun ẹran níbẹ̀, tí wọ́n ń wòran láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Àyè yẹn ti di ohun tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìlú Omaha ní Nebraska ni àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì náà ti ń wáyé láti 1950, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹfà ọdọọdún bí ẹní ń lọ ọdún ìbílẹ̀. Ọdún 2021 ni Mississippi State tó gba ife yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wá a láti ìran dé ìran.

Ẹ wo àwọn ìpínlẹ̀ tí mo dárúkọ yìí dáadáa. Mississippi kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá àwọn tó ń fi baseball jẹun, Nebraska kò ní, Louisiana ẹlẹ́gbẹ́ wọn, níbi tí èrò yunifásítì LSU ti ń kún pápá, náà kò ní. Ẹgbẹ́ àgbà kò sí nítòsí tí yóò gba ìfẹ́ àwọn èèyàn náà lọ, torí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló lọ. Òfin sì bá wọn ṣe é: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá títí yóò fi lo ọdún mẹ́ta tàbí tí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ìlú ráyè mọ̀ ọ́n kó tó lọ.

Èmi rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ Kétu àti Mile 12 wà gan-an nìyí. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù kò dín kù ládùúgbò wa, ó kàn kó lọ síbòmíràn ni. Èkó ní Stationery Stores nígbà kan, ẹgbẹ́ Israel Adebajo, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè da ìgboro rú nítorí góòlù kan. Ó ní Julius Berger, ó ní First Bank. Gbogbo wọn wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn yẹn ṣe ń lọ ni sátẹ́láìtì ń gbé líìgì England wọ ìyẹ̀wù wa, lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìwo-bọ́ọ̀lù. Ẹ rìn láti Ìkòsì wọ Kétu lọ́sàn-án Sátidé, ẹ óò rí wọn: pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì, aago àti owó ìwọlé sí, bẹ́ǹṣì pákó tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ariwo góòlù á kọ́kọ́ sọ nílé kan, ilé kejì á dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nítorí dékódà tiwọn ń pẹ́, kí tiwọn náà tó sọ. Àwọn tó wà nílé kejì ti mọ̀ pé góòlù ń bọ̀, wọ́n kàn ń dúró dè é ni. Mi ò mọ ìyà tó jùyẹn lọ fún olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ní adùn tirẹ̀, mi ò bá a jà. Àmọ́ wíńgà Arsenal kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni ní Mile 12.

Ohun mìíràn tún wà tó ya Kosofe sọ́tọ̀ sí Yábàá àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ilé-ìwé ńlá yẹn ti wà tipẹ́. Iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn àgbà sì wà tó ń fowó ṣọwọ́ sí wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-ìwé ìjọba tiwa jẹ́ èso ìgbà tí Lateef Jakande fi ń ṣe gómìnà, láàárín 1979 sí 1983, tó fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń lọ sí ilé-ìwé lówùúrọ̀, tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, tó sì kọ́ kíláàsì kíákíá kí ọmọ gbogbo lè ráyè jókòó. Oore ńlá ni. Kíláàsì ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lógún, pápá kò ṣe bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Lónìí, ilé-ìwé méjì sí mẹ́ta lè wà nínú ọgbà kan, kí gbogbo wọn máa pín ilẹ̀ gbalasa kan lò. Bí omi odò Ògùn bá sì kún, tí wọ́n ṣí ìdídò Ọyán sílẹ̀ lásìkò òjò àrọ̀kúrò, àwọn àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ bí Agboyì á di odò, ní ìgbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé tó yẹ kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ìyẹn kò ní kí ìdíje má wáyé o. Principals' Cup ṣì wà, GTBank náà ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọbìnrin sì ń gbá tiwọn. Kosofe, Ṣómólú àti Ìkòròdú ló wà lábẹ́ Ẹkùn Ètò Ẹ̀kọ́ Kejì, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Maryland. Ní yunifásítì, NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1966, UNILAG sì gbàlejò rẹ̀ ní 2022. Láti 2018 ni HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ti ń fún ẹgbẹ́ lórúkọ tó ṣeé kọ lórin. UAM Tillers láti Makurdi ló gba ife náà lọ́dún méjì àkọ́kọ́.

Àrùn kan ni kò yẹ ká gbójú fò: àwọn tí wọ́n ń pè ní mẹ́sínárì, gende tó ti jáde nílé-ìwé, tí kóòṣì lọ yá wá láti fi gba ife. Kò sí ohun tó ń pa ìfẹ́ olólùfẹ́ bí èyí. Góòlù tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí gbá wọlé fún yín, ta ni ẹ fẹ́ bá yọ̀? FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ ọjọ́ orí wọn nígbà ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2009, Nàìjíríà gan-an ló sì gbàlejò rẹ̀. Ilé-ìwé girama kò nílò MRI. Rẹ́jísítà kíláàsì tó, bí olùkọ́ bá fẹ́ lò ó.

Ẹ̀rí pé ìfẹ́ náà lè padà wálé wà nítòsí wa. Sporting Lagos tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022 fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Oníkan láti wo bọ́ọ̀lù ilé. Ikorodu City wọ líìgì tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí ní 2024, ọmọ Mile 12 tó bá rékọjá sí Ìkòròdú yóò sì gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn bí ẹní ń dárúkọ ìbátan. Kò sí idán níbẹ̀. Wọ́n polówó ọjọ́, wọ́n polówó aago, èèyàn sì wá.

Aago yìí ni ilé-ìwé wa kò rí ṣe. Ọ̀pọ̀ eré wọn ló ń bọ́ sọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ìyá tó ń ta àlùbọ́sà kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń kó ọ̀pọ̀ eré baseball tiwọn sí, òṣìṣẹ́ sì lè wá pẹ̀lú ọmọ. Bí ọ́fíìsì Maryland bá fẹ́ dán an wò, kí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé méjì sórí àwọn pátákó dúdú Kétu, kí wọ́n sì fi eré náà sí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé. Eré àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn ní England kì í bẹ̀rẹ̀ títí di aago méjìlá ààbọ̀ tiwa, tàbí aago kan ààbọ̀ nígbà òtútù wọn. Wọ́n á ti gbá a tán, wọ́n á ti jà lórí rẹfirí, wọ́n á sì tún rí àyè jókòó de Arsenal.