Bí A Ti Lè Gbé Ológbò Tí Ẹ̀rù Ń Bà Dé Ọ̀dọ̀ Dókítà Ẹranko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ológìnní kò sí nílé, ilé di ilé èkúté." Kò sí ẹni tí ó ní àká àgbàdo tí kò mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Eku a máa jẹ àgbàdo, a máa tọ̀ sí i, a sì máa yàgbẹ́ sórí èyí tí kò jẹ. Irú eku kan sì wà nínú ilé àti ní oko wa tí ń gbé ibà Lassa kiri. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ àrùn náà ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Nítòsí wa níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí ọ̀pọ̀ ìyọnu rẹ̀. Láti dá eku dúró, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àyíká mọ́, kí wọ́n sì máa sin ológbò.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ti ń rí ológbò? Púpọ̀ nínú wọn ni a kò rà. Òmíràn a ti ẹ̀yìn ọjà wá, òmíràn a ti inú ilé tí wọ́n ti lé e jáde wá, nítorí pé àwọn kan ń pè é ní ẹran àjẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lókùúta, wọ́n ti da omi gbígbóná sí i lára. Nígbà tí irú ológbò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀rù ènìyàn ń bà á, aràn sì kún inú rẹ̀. Ó ní láti dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, kò sì ní gbà kí a mú òun. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

ÀṢÌṢE TÍ ÈMI FÚNRA MI ṢE

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti kọ́gbọ́n nínú àṣìṣe ara mi. Ológbò kan sá wá sí ilé ìkó-àgbàdo wa. Nígbà tí mo rí i pé ó rù, tí ikùn rẹ̀ sì wú, mo ki í mọ́lẹ̀, mo tì í sínú àpò, mo sì gun ọ̀kadà. A kò tí ì dé ojú títì tí ó fi fa àpò náà ya, tí ó ha mí lápá yánnayànna, tí ó sì wọ igbó lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni a kò fi ojú kàn án. Kí ó tó padà, eku ti jẹ àpò àgbàdo méjì tí a fi pamọ́ fún gbíngbìn. Nígbà tí ó padà dé, bí ó bá ti rí àpò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò sá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ológbò, tèmi ni.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀ PÉ KÒKÒRÒ Ń YỌ Ọ́ LẸ́NU

Ẹ wo irun rẹ̀ bóyá kò dán mọ́. Ẹ wò ó bí ó bá ń jẹun púpọ̀ tí kò sì sanra, bí ó bá ń bì tàbí tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Aràn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ tàbí iná ara lè jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kékeré funfun tí ó dà bí hóró ìrẹsì ní ìdí rẹ̀ tàbí lórí ibùsùn rẹ̀, aràn pẹlẹbẹ ni ó ń já bọ́ bẹ́ẹ̀.

Iná ara ológbò ni kòkòrò kékeré tí ń fò. Ẹ ya irun rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí dúdú bí iyẹ̀pẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun tí ó tutù. Bí ó bá di pupa, ìgbẹ́ iná ni, ẹ̀jẹ̀ sì ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: nígbà tí ológbò bá ń lá ara rẹ̀, a máa gbé iná mì, inú iná yìí sì ni irú aràn pẹlẹbẹ kan ń gbà wọ inú rẹ̀. Irú mìíràn wà nínú eku tí ó ń pa jẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó lé aràn tí kò lé iná, àgbá tí ó jò ni ó ń pọn omi sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Ẹyin aràn gígùn a máa bá ìgbẹ́ ológbò bọ́ sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọdé tí ó bá fi ọwọ́ tí ó ti fi ṣeré nínú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun lè kó o. Ẹ bo ìgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ jìnnà sí ibi eré wọn, kí ẹ sì kọ́ wọn láti máa fọ ọwọ́. Kí aláboyún má ṣe fi ọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò rárá.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe fi epo kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò kòkó pa ológbò lára. Yóò lá a, yóò sì kú. Ẹ má ṣe fi oògùn iná ti ajá fún un láìbi dókítà, nítorí permethrin tí ó wà nínú òmíràn, tí ajá ń fara dà, a máa pa ológbò. Ẹ má ṣe fún un ní paracetamol. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ tó láti pa á. Ẹ má sì ṣe fojú bu oògùn aràn ti ewúrẹ́ fún un.

BÍ Ẹ Ó TI MÚ UN MỌ ÀGÒ

Ẹ wá àgò tí ó le, irú èyí tí a fi ń kó adìẹ lọ sí ọjà, tí ó ní ìdérí tí a lè so, tí ológbò sì lè yí ara padà nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí òórùn adìẹ kúrò, kí ẹ sì tẹ́ àkísà tí ológbò náà ti sùn lé sínú rẹ̀.

1. Ẹ gbé àgò náà sí igun ilé tí ó dákẹ́, ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ máa gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

2. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé oúnjẹ sí ẹnu àgò, lẹ́yìn náà sínú rẹ̀ pátápátá.

3. Nígbà tí ó bá ń jẹun nínú rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, ẹ rọra ti ìdérí, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, kí ẹ sì ṣí i. Ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́, títí yóò fi lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

4. Ẹ gbé àgò náà nílẹ̀, ẹ fi yí ilé ká, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fún un ní ẹja díẹ̀.

Bí ó bá sá ní ọ̀kan nínú àwọn ìgbésẹ̀ yìí, ẹ padà sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí mo tún tèmi mú lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ méjìlá ni ó gbà mí, kò sì sí ẹni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí ológbò kan bá le tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun tí ó tán ẹ̀rù rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún dókítà. Ó lè ní oògùn tí yóò fi ara rẹ̀ balẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

NÍ ỌJỌ́ ÌRÌNÀJÒ

Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Kí ológbò tí ó ti dàgbà má jẹun fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó gbéra, kí ó má bàa bì; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ebi pa ọmọ ológbò. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá kí ẹ tó mú un, kí ẹ má sì lé e kiri. Ẹ da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àgò, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kò ní dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Ẹ gbé e sórí itan yín nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe tì í sábẹ́ ẹrù.

Ẹ fi ìgbẹ́ rẹ̀ tuntun díẹ̀ sínú ike tí ó mọ́, kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ jókòó jìnnà sí ajá, kí ẹ sì gbé àgò sórí bẹ́ǹṣì. Dókítà yóò wọn ológbò náà, nítorí ìwúwo rẹ̀ ni a fi ń ṣírò oògùn. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà, nítorí oògùn ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi pẹ̀lú. Bí ológbò bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ PADÀ DÉ

Ẹ fi omi gbígbóná fọ àkísà ibùsùn rẹ̀, kí ẹ sì gbá gbogbo igun ilé, nítorí ẹyin iná pọ̀ nílẹ̀ ju lára ológbò lọ. Ẹ má ṣe fi májèlé eku sí ibi tí ológbò ń dọdẹ. Eku tí ó jẹ májèlé lè pa ológbò tí ó jẹ ẹ́. Nítorí pé eku ni ó ń jẹ, yóò máa kó aràn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń fún irú rẹ̀ ní oògùn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, ẹ lè dá owó jọ, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko wá sí abúlé yín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí olúkúlùkù gbé ológbò rẹ̀ wá nínú àgò tirẹ̀, kí àwọn tí ó ní ajá sì fi okùn fa tiwọn.

Ológbò tèmi ṣì wà ní ilé ìkó-àgbàdo títí di òní. Nínú àgò náà ni ó ń sùn báyìí, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó wọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé àgò kalẹ̀ lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ tí àìsàn bá dé.