Báwo lo ṣe lè gbé ọkọ̀ pickup rẹ ga sókè lówó pọ́ọ́kú láì fi ẹ̀mí wewu?

Ẹni tó bá ń gbé Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, mọ̀ pé ọ̀nà ọlọ́dà kọ́ ni gbogbo ọ̀nà. Tí èèyàn bá gba PK12 jáde lọ sí Ntoum àti Kango, tó sì yà sí abúlé kan láti lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ pupa, kòtò àti ẹrọ̀fọ̀ ló máa ń pàdé.

Igbó ló bo nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Gabon, ìgbà òjò méjì ló sì máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ pickup bíi Toyota Hilux, Mitsubishi L200, Ford Ranger àti Isuzu D-Max fi wúlò fún àwọn oníṣòwò, títí kan àwọn Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà, Benin àti Togo.

Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga sí i kó má baà máa fi ikùn gbá ilẹ̀. Àmọ́ owó kì í sábà tó, àwọn ọ̀nà kan tí owó rẹ̀ kéré sì lè ba ọkọ̀ jẹ́ tàbí kó dojú rẹ̀ dé.

Kí ló yẹ kí o mọ̀ kí o tó ná owó rẹ?

Kí ni gbígbé ọkọ̀ ga ń ṣe gan-an?

Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ga, ṣásí àti bọ́dì ọkọ̀ ló máa ń jìnnà sí ilẹ̀. Èyí á jẹ́ kí ikùn ọkọ̀ kọjá lórí òkìtì, á sì tún fi àyè sílẹ̀ fún táyà tó tóbi díẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí kì í ga. Irin rìbìtì bí igbá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 'differential', kò ní kúrò níbi tó wà bó ti wù kí sípíríǹgì ga tó. Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e sókè.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Táyà tí wọ́n kọ 265/65R17 sí lára ga tó nǹkan bíi mílímítà 776. Èyí tí wọ́n kọ 265/70R17 sí ga tó nǹkan bíi mílímítà 803. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 27, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 13, ni irin náà máa fi ga sí i.

Bákan náà, tí o bá fi táyà ńlá yìí rọ́pò kékeré, tí aago ọkọ̀ bá sọ pé kìlómítà 100 ni ò ń sá ní wákàtí kan, ó ti lé ní 103.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì lóye ni ẹrù. Gbígbé ọkọ̀ ga kò fi kún ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i lára náà ló ṣì wà.

Àwọn ọ̀nà wo ló wà?

Gbígbé bọ́dì nìkan: Wọ́n á ki nǹkan sáàárín bọ́dì àti ṣásí. Kò wọ́n, ó sì ń fún táyà ńlá láyè, àmọ́ ṣásí fúnra rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ikùn ọkọ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ kò rí ojútùú kankan níbẹ̀.

Kíki irin sí orí sípíríǹgì iwájú: Èyí ni wọ́n ń pè ní 'spacer'. Òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń wá owó pọ́ọ́kú. Lórí ọkọ̀ bíi Hilux tó jáde láti ọdún 2005, irin tó nípọn tó mílímítà 25 lè gbé iwájú ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn, nítorí bí apá táyà iwájú ṣe ń ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á rẹ̀ síbẹ̀ náà ni.

Fífún 'torsion bar': Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan kò ní sípíríǹgì rìbìtì níwájú, ọ̀pá irin tó ń lọ́ ni wọ́n ní. Mẹkáníìkì lè fún bọ́ọ̀tì rẹ̀ kí iwájú ga, láì ra ohunkóhun. Àmọ́ tí wọ́n bá fún un jù, ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, àwọn oríkèé apá táyà á sì tètè jẹ.

Títún ẹ̀yìn ṣe: Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ìyẹn 'leaf spring', ló gbé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ pickup dúró. Wọ́n lè ki irin gbọọrọ sáàárín rẹ̀ àti axle, wọ́n lè fi ewé irin kan kún un, wọ́n sì lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá ki irin sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n lò. Títo méjì léra léwu, nítorí ó lè yọ lójú ọ̀nà. Ti axle iwájú tún burú jù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é.

Pípààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lápapọ̀: Èyí ló wọ́n jù, òun náà ló sì dára jù. Àwọn ilé iṣẹ́ Australia bíi ARB, tó ń ta Old Man Emu, àti Ironman 4x4 ló gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tí owó tiwọn kéré náà wà.

Èwo ni kí ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ mú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí o tó ra ohunkóhun, wo ọkọ̀ rẹ dáadáa ná.

Fi téèpù wọn ọkọ̀ náà láti àárín táyà dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀. Fi wé irú ọkọ̀ kan náà tó ṣì tuntun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ kò kúrú, sípíríǹgì rẹ̀ ló ti wó lulẹ̀ nítorí ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì tuntun tó bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu lè dá gíga tó ti sọnù padà.

Lẹ́yìn náà ni kí o wo táyà. Táyà tó ní eyín dáadáa fún ẹrẹ̀ lè yọ ọkọ̀ níbi tí sípíríǹgì gíga kò ti ní ràn án lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé gbígbé e ga ló kù, owó tó máa ra 'spacer' iwájú àti irin ẹ̀yìn lónìí lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ owó sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì gidi, pàápàá tí àwọn tó wà lára ọkọ̀ bá ti gbó. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì lágbára, tó sì fẹ́ gíga díẹ̀, lè lo 'spacer'.

Sọ òótọ́ nípa ẹrù rẹ fún ẹni tó ń tà á. Sípíríǹgì tó le fún ẹrù ńlá máa ń da èèyàn láàmú nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Èyí tó rọ̀ sì máa ń wó tí ẹrù bá wúwo.

Àwọn ewu wo ló wà níbẹ̀?

Lórí ọ̀pọ̀ pickup òde òní, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí gíga náà mọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú á dagun jù, rọ́bà rẹ̀ á ya, ẹrẹ̀ á wọlé, yóò sì bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó tí o fi gbé ọkọ̀ ga lọ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé ni bíréékì. Ọ̀pọ̀ pickup ló ní ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́yìn tó ń wo bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó láti mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn ga láì tún un tò, ẹ̀rọ náà á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréékì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹrù kún inú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ga tún máa ń tètè dojú dé níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́ọ́rọ́. Ewu náà pọ̀ sí i tí wọ́n bá di ẹrù ga, tí àwọn èèyàn sì jókòó lórí ẹrù ọ̀hún.

Kí lo máa ṣe kí o tó sanwó?

Ní Libreville, Faransé ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń sọ. 'Amortisseur' ni ṣọ́ọ̀kì, 'ressort' ni sípíríǹgì rìbìtì, 'lames' ni irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn, 'parallélisme' sì ni alignment.

Tí o bá fẹ́ ra ẹrù láti òkè òkun, ìwúwo irin á jẹ́ kí owó ọkọ̀ ojú omi pọ̀. Fi owó yẹn àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù kún iye tí o rí kí o tó pinnu. Owó CFA kì í yí padà sí Yúrò, 655.957 ló ń jẹ́ Yúrò kan, àmọ́ ti Dọ́là máa ń lọ sókè sódò.

Ní kí wọ́n lo 'U-bolt' tuntun lẹ́yìn, kí wọ́n ṣe alignment, kí wọ́n tún iná iwájú tò kó má baà máa fọ́ ojú àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì yẹ bíréékì wò. Owó iṣẹ́ tí kò bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú kò tíì pé.

Sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ pẹ̀lú, torí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n ti yí padà láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn tí o bá ti wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bíi kìlómítà 500, dá a padà fún mẹkáníìkì kó tún fún gbogbo bọ́ọ̀tì rẹ̀.