Àtọ̀gbẹ Kì Í Bá Ọkùnrin àti Obìnrin Jà Bákan Náà

Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì kan àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń lọ sípàdé ìlú rẹ̀ déédéé á ti mọ bó ṣe máa ń rí. Akọ̀wé á dìde, á ní bàbá kan nínú wa ti wà ní ọsibítù, kíndìnrín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A óò dáwó. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a óò tún dáwó. Tó bá fi máa di ìgbà kẹta, àwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Tí a bá wá béèrè ohun tó fà á, kì í pẹ́ tá a fi máa gbọ́ pé ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí méjèèjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé àtọ̀gbẹ ní bó ṣe ń yọ sí ọkùnrin, ó sì ní bó ṣe ń yọ sí obìnrin. Torí pé a ò mọ̀, ọkùnrin á ní jẹ̀dí ló ń ṣe òun, obìnrin á ní ìdúró ọjà ló fà á, àìsàn á sì máa ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń bà wá jà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára èèyàn. Àwọn ńláńlá wà, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti ọpọlọ. Àwọn yẹn la máa ń gbọ́ nípa wọn tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kéékèèké náà wà, tí wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn kéékèèké yìí ló ń bọ́ ẹ̀yìn ojú, kíndìnrín, àti àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, ògiri àwọn iṣan yìí á máa nípọn, á sì máa jò.

Ẹ wo kíndìnrín bí asẹ́ tí ìyá ológì fi ń sẹ́ ògì. Tí asẹ́ bá ya, èèrí á bá ògì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíndìnrín tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ á ṣe jẹ́ kí èròjà tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní albumin, máa bá ìtọ̀ jáde. Nínú ojú, iṣan tó ti jò á máa da omi àti ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn ẹyinjú. Tó bá yá, àwọn iṣan tuntun tí kò lágbára á hù síbẹ̀, wọ́n á bẹ́, ojú á sì ṣókùnkùn. Ní ti ẹsẹ̀, iṣan ìmọ̀lára tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa lè máa ta èèyàn, kó máa jó o, tàbí kó kàn kú jẹ́ẹ́. Ti ojú àti ti kíndìnrín ò ní dun èèyàn rárá níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Sydney, ní orílẹ̀-èdè Australia, gbé èsì ìwádìí kan jáde. Èèyàn 25,713 tó ní àtọ̀gbẹ, tí gbogbo wọn ti tó ẹni ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n fojú sí lára fún bí ọdún mẹ́wàá. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, 35 ló ní ìṣòro kíndìnrín. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 25 ni. Ìṣòro ẹsẹ̀ mú ọkùnrin 25, ó mú obìnrin 18. Nígbà tí wọ́n ro ọjọ́ orí, sìgá, ìsanra àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n rí i pé ewu kíndìnrín ọkùnrin fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti obìnrin lọ, ti ẹsẹ̀ sì fi ìdá 47 jù ú lọ. Ti ojú ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wà lójú kan náà: ọkùnrin 57, obìnrin 61. Àmọ́ tí a bá mú ẹ̀yìn ojú tí àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ń bà jẹ́ nìkan, ewu ọkùnrin tún fi ìdá 14 lé díẹ̀. Yálà èèyàn ti ní àìsàn náà fún ohun tó dín ní ọdún mẹ́wàá tàbí ó ti lé, ìyàtọ̀ yẹn ò kúrò nílẹ̀.

A mọ̀ pé ìyá kan á ka ibí yìí, á ní, "Ṣé ẹ rí i, ti àwọn ọkùnrin ni." Ẹ rọra o, ìyá wa. Obìnrin kan nínú mẹ́rin tí kíndìnrín ń dà láàmú, ṣé ìyẹn la máa pè ní ẹni tó bọ́? Ilẹ̀ àwọn tó ń rí dókítà déédéé sì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn o.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́

Kí ló dé tó fi ń le lára ọkùnrin? Ìdí náà ju ẹyọ kan lọ. Ó jọ pé omi ara tó ń sọ obìnrin di obìnrin, èyí tó máa ń pọ̀ lára wọn kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró, ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀. Ọkùnrin ló ń fa sìgá jù, sìgá sì ń fún iṣan kéékèèké pa. Ọkùnrin ló sábà máa ń ga jù, iṣan ìmọ̀lára tó gùn jù lára, ìyẹn èyí tó lọ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ká má tan ara wa jẹ, ọ̀pọ̀ wa kì í dé ọsibítù àfi tí wọ́n bá gbé wa dé ibẹ̀. Obìnrin tó ń bímọ, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo ìtọ̀ rẹ̀ nígbà oyún. Ọkùnrin tó ń ti Kano kó ọjà lọ sí Maiduguri, ta ló ń wo tiẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò ní bò lójú, bó bá tilẹ̀ ń tini lójú. Nǹkan ọkùnrin kì í dìde láìsí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, àwọn ohun tí àtọ̀gbẹ sì ń bà jẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé orí ibùsùn ni àìsàn yìí ti máa kọ́kọ́ fara hàn wọ́n, kí wọ́n tó mọ̀ rárá pé ṣúgà àwọn ti ga. Kí lèèyàn wa máa ń ṣe? Àgbo jẹ̀dí. Kò ṣiṣẹ́, ó di paraga. Kò ṣiṣẹ́, ó di oògùn tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ nínú mọ́tò. Ọdún méjì á ti lọ, kò sẹ́ni tó yẹ ṣúgà wò. Ẹ̀yin ìyàwó náà, tẹ́ ẹ bá rí irú èyí lára baálé yín, ẹ má kàn gbà pé obìnrin kan wà níta. Ẹ sọ pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ti ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Lára ọkùnrin, ẹsẹ̀ sábà máa ń kú láì ké. Ìṣó á wọlé, kò ní mọ̀. Salúbàtà á bó o, kò ní mọ̀. Ìgbà tí egbò bá ń rùn ló máa ń yé wọn, àwọn míì sì ti pàdánù ẹsẹ̀ báyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos, ẹ ṣọ́ra fún ìkòkò èédú lásìkò ọyẹ́. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè na ẹsẹ̀ síná kó jó, kò sì ní fà á kúrò. Omi gbígbóná náà ńkọ́: ìgúnpá ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa tún máa ń la gìgísẹ̀, ibi tó là yẹn sì ni kòkòrò máa ń gbà wọlé. Ẹ fi ìpara pa á lálaalẹ́, àmọ́ ẹ má fi sáàárín ọmọ ìka. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa ní àǹfààní kan: ẹ̀ ń fọ ẹsẹ̀ fún àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì nu àárín ọmọ ìka gbẹ.

Ti àwọn ìyá wa

Obìnrin tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ń bàjẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ ìrora ju ọkùnrin lọ. Ẹsẹ̀ á máa jó o lálẹ́ bíi pé ó rọ ata sí i, aṣọ ìbora á wúwo lórí rẹ̀. Ó yẹ kí ìrora yẹn gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá. Kẹ́míìsì ló ń gbé e lọ. Ọ̀dọ́ ibẹ̀ á fún un ní diclofenac tàbí ibuprofen, á lò ó fún oṣù mẹ́fà. Oògùn wọ̀nyẹn kì í wo ìrora iṣan ìmọ̀lára sàn, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín tí ṣúgà ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ ní jàǹbá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn fún yín pé ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Bákan náà ni nǹkan tí àwọn obìnrin wa ń pè ní "tọ́ílẹ́ẹ̀tì". Ojú ara á máa yún, a tọ́jú rẹ̀, ó lọ, ó tún padà. Tó bá ti ń padà lemọ́lemọ́, ẹ yẹ ṣúgà wò, torí kòkòrò tó ń fa ìyún yẹn fẹ́ràn ibi tí ṣúgà bá pọ̀ sí.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni ti èsì àyẹ̀wò kíndìnrín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní creatinine. Láti inú ẹran ara ni èròjà náà ti ń wá, ẹran ara obìnrin kì í sì í sábà pọ̀ tó ti ọkùnrin. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà kò túmọ̀ sí ohun kan náà. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún àti obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí creatinine àwọn méjèèjì jẹ́ 110. Tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ, agbára kíndìnrín bàbá á wà ní nǹkan bíi 67, ti ìyá á wà ní nǹkan bíi 50. Tó bá ti wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín nìyẹn. Ẹni tó bá kàn wo nọ́ńbà lórí ìwé lásán lè sọ fún ìyá yẹn pé kò burú púpọ̀, kó máa lọ sílé. Ẹ béèrè pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún yín pẹ̀lú ọjọ́ orí, kí wọ́n sì fi sí i pé obìnrin ni yín.

Oyún tún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ti ní àtọ̀gbẹ kó tó lóyún, oyún lè mú kí ẹ̀yìn ojú rẹ̀ bàjẹ́ sí i kíákíá. Kó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó sì tún padà lọ kó tó bí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril dára fún kíndìnrín, àmọ́ kò dára fún ọmọ inú. Ẹni tó ń lò ó tó sì ń retí oyún, kó sọ fún dókítà kí wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ẹni tó jẹ́ pé inú oyún ni ṣúgà rẹ̀ ti kọ́kọ́ ga, wọ́n á sọ fún un pé á lọ lẹ́yìn ìbímọ, lóòótọ́ ó sábà máa ń lọ. Àmọ́ ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìyá àgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ fún un ní Kano, kó rán an létí kó lọ yẹ ṣúgà wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà.

Ìgbà wo ló yẹ ká ní ṣúgà ti ga? Tí èèyàn ò bá tíì jẹun láàárọ̀, tí ṣúgà rẹ̀ sì jẹ́ 7.0 tàbí 126 (ó dúró lórí irú ìwọ̀n tí ẹ̀rọ náà ń lò) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wò tí kò yàtọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tó bá ti ní i, kó ní kí wọ́n máa wo ìtọ̀ òun fún albumin, ẹ̀jẹ̀ òun fún creatinine, kí wọ́n kán oògùn sí ojú òun kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹsẹ̀ òun wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Àríwá, National Eye Centre wà ní Kaduna. Ẹ má fúnra yín wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, torí oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ojú ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀.

Owó tí wọ́n bá ná sí i kì í ṣòfò. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé mímú ṣúgà wálẹ̀ dáadáa ń dín ìbàjẹ́ iṣan kéékèèké kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Mímú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ tún dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti máa ń pe nọ́ọ̀sì wá sípàdé kó gún ọmọ ìka àwọn èèyàn. Ó dára, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá ló máa ń tò síwájú, àwọn bàbá á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn bàbá. Ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì mú bébà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò dání, torí gígún ọmọ ìka nìkan ò lè sọ bí kíndìnrín ṣe wà. Ìtọ̀ tí èèyàn kọ́kọ́ tọ̀ tó bá jí láàárọ̀ ló dáa jù láti gbé wá. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kó fi tiẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù lè mú kí èsì náà ṣì wọ́n lọ́nà.